Kámẹ́rà Oní-fíìmù Nínú Ilé Awo

 

Àwọn ọ̀dọ́ ilé máa ń bi mí pé, “Bàbá, kí lẹ ń fi kámẹ́rà àtijọ́ yìí ṣe nígbà tí fóònù wà?” Àwọn mìíràn sì ti bá irú rẹ̀ nínú àpótí bàbá wọn, wọ́n gbé e wá bá mi pé ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń lò ó, kí n sì sọ ìdí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ọ̀kan wà ní ilé awo kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni Canonet QL17 GIII, tí ilé-iṣẹ́ Canon ti Japan gbé jáde ní 1972. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́, nǹkan bíi gíráàmù 620, torí irin ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ. Irú kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní rangefinder ni.

Nínú kámẹ́rà ńlá tí àwọn onífọ́tò ìgbéyàwó ń gbé kọ́rùn, díńgí máa ń wà tó ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí wá sójú ẹni. Ti rangefinder kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò kan wà lókè tí ẹ ó máa yọjú wò, lẹ́ǹsì wà nísàlẹ̀, kálukú ń wo tirẹ̀. Láàárín ibi tí ẹ ń yọjú wò, ẹ ó rí ojú kékeré kan tó ní àwọ̀ ìyeyè. Nínú rẹ̀, ẹni tí ẹ ń wò á di méjì, bí ìgbà tí ọ̀mùtí ń wo ènìyàn. Ẹ fi ìka ti ọ̀pá kékeré tó wà lára lẹ́ǹsì, ẹ ó rí i tí méjèèjì ń rìn sún mọ́ra. Bí wọ́n bá ti di ọ̀kan ṣoṣo, ojú àwòrán ti mọ́ nìyẹn. Ohun tó ní ìlà gbọnrangandan ni kí ẹ fi wá a: etí ọpọ́n, òpó ilé, igi fèrèsé. Tí ẹ bá fi ara aṣọ funfun tó tẹ́ lọ rẹrẹ wá a, ẹ ò ní rí ibi tí ojú á ti mú. Tí ẹ bá sì sún mọ́ nǹkan ju 0.8 mítà lọ, kò ní mú un rárá.

Nítorí pé kálukú ń wo tirẹ̀ yìí náà, ènìyàn lè gbàgbé ọmọrí sórí lẹ́ǹsì, kó ya fíìmù tán pátá, kó má mọ̀. Àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọn kì í sọ ọ́ níta ni.

Òrùka méjì ló ṣe pàtàkì lára lẹ́ǹsì. Ọ̀kan wà fún ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń tì. Nọ́ńbà orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 4 dé 500. Tí ẹ bá gbé e sí 125, ilẹ̀kùn yẹn á ṣí fún ìdá kan nínú ìdá 125 sẹ́kọ́ńdì. Òrùka kejì wà fún ihò lẹ́ǹsì, láti 1.7 dé 16, bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Lẹ́tà A wà lórí òrùka kejì yìí. Tí ẹ bá gbé e sí A, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á wọn ìmọ́lẹ̀, á sì yan ihò fún yín. Tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, kò ní gbà kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Bátìrì ló ń fi wọn ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe é fún ni bátìrì mẹ́kúrì oní-fólítì 1.35, wọ́n sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí májèlé inú rẹ̀. Àwọn kan ń fi bátìrì wẹ́wẹ́ ti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, 675, rọ́pò rẹ̀, wọ́n á fi nǹkan yí i ká kó lè dúró. Ó ń ṣe é, àmọ́ kì í pẹ́ kú. Èmi kì í tilẹ̀ fi bátìrì sí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn Canonet nìyẹn: ṣọ́tà rẹ̀ kò nílò iná kankan. Yashica Electro 35 tí àwọn mìíràn gbé wá kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ló ń darí ṣọ́tà tiẹ̀, tí kò bá sí, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló mọ̀.

Láìsí bátìrì, ojú ọ̀run ni ẹ ó wò. Nọ́ńbà wà lára páálí fíìmù, 100 tàbí 200 tàbí 400. Tó bá jẹ́ 100, ẹ gbé ṣọ́tà sí 125. Tó bá jẹ́ 400, ẹ gbé e sí 500. Tí oòrùn bá mú ganrínganrín, tí òjìji yín dúdú kedere nílẹ̀, ihò á wà ní 16. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bo ojú oòrùn, 11 tàbí 8. Lábẹ́ ìbòòji igi, 4. Nínú yàrá tó jẹ́ pé fèrèsé kan ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ lo fíìmù 400, ẹ ṣí ihò dé 2.8 tàbí 1.7, kí ṣọ́tà wálẹ̀ sí 30, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ sì dá èémí dúró kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ funfun wá. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí àwa gan-an ló kàn. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ ènìyàn, kò mọ aṣọ. Gbogbo ohun tó bá rí, bí eérú ló fẹ́ kó rí. Nígbà tí àwọn ọmọ Ọbàtálá bá jáde nínú àlà, tó rí gbogbo funfun yẹn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín ihò kù. Aṣọ á di eérú, ojú àwọn ènìyàn wa á dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ ò ní rí imú, ẹ ò ní rí ẹ̀rín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ fọ́tò ọdún tó bàjẹ́ báyìí, tí onífọ́tò ń sọ pé àwọ̀ wa ló dúdú jù. Irọ́ ni. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí ilẹ̀ pupa tó wà nínú oòrùn kan náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ kí ìwọ̀n yẹn dúró, ẹ wá yí sí ènìyàn náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tán. Tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín yan ihò, kí ẹ ṣí i ní nọ́ńbà kan ju èyí tí ẹ̀rọ sọ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó lé díẹ̀ kì í pa fíìmù lára bí èyí tó dín.

Ṣọ́tà yìí wà nínú lẹ́ǹsì, kò sí díńgí tó ń fò sókè, nítorí náà ìró rẹ̀ kò ju kí ènìyàn fi èékánná ta etí ife lọ. Bí awo bá ń dáfá lọ́wọ́, kò ní da ohùn ẹnikẹ́ni rú. Iná fíláàṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Fíìmù kan, fọ́tò 36. Ó tán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tó ní 36 kò lè máa ya ohun tó rí ní gbogbo ìgbà. Á kọ́kọ́ wò, á bèèrè lọ́wọ́ àgbà pé ṣé kí òun ya èyí, á dúró de ìdáhùn. Ẹni tó ní fóònù ti ya igba kí ìdáhùn tó jáde. Ní ọdún kan, àlejò kan tó wá bá wa ṣọdún fi fóònù gba àwòrán ìyá àgbà kan nígbà tí wọ́n ń wẹ orí fún un. Kí a tó jẹun alẹ́ tán, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí a ò mọ̀ rí ti ń fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fi han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní iléèwé. A bẹ àlejò náà, ó sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó ti gbà á sórí fóònù tiwọn ńkọ́? Ìyá yẹn kò jókòó ní gbangba ọdún mọ́ láti ìgbà náà. Nẹ́gátíìfù ní tiẹ̀, ẹyọ kan ló wà, inú àpótí wa ló wà, ẹni tó bá fẹ́ rí i á wá sílé wá kí wa.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé torí kámẹ́rà yìí kì í pariwo ni kó fi jí àwòrán yà. Ohun tí à ń ṣe nínú igbódù kì í ṣe ti kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ fíìmù, ìbáà jẹ́ fóònù. Ẹni tí a kò tẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i, fọ́tò kò sì mọ ẹni tí a tẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí a kò tẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé kámẹ́rà àti òrìṣà kò gbọdọ̀ pàdé rárá kò mọ ìtàn. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó bá àwọn ìyá ìbejì tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n ń lò níbi tí ère ìbejì ìbá wà. Tí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí páálí kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan, á wọ ti obìnrin fún èkejì. Iṣẹ́ yẹn kò sì mú ariwo dání.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀ ní Kétu ní 1953 tí ó di Fátúmbí. Rolleiflex ni kámẹ́rà tirẹ̀, kì í ṣe rangefinder, fíìmù náà ló ṣáà ń lò. Ó kú ní 1996 ní Salvador ní Brazil, ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù rẹ̀ tó lé ní 60,000 wà nínú ilé tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ẹ wá fi wé ti ilé tiwa. Nígbà tí bàbá wa kan wọ káà ilẹ̀ lọ, a wá fọ́tò tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbogbo èyí tí àwọn ọmọ yà, ó ti bá fóònù wọn lọ: ọ̀kan jábọ́ sómi, wọ́n jí èkejì, ẹ̀kẹta kò tàn mọ́. Èyí tí a rí lò, fíìmù ni.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ẹ má fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú àpò aláwọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ewú ti máa ń hù sí lẹ́ǹsì. Inú ike tó ní ọmọrí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré oníhóró tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ tí fóòmù dúdú etí rẹ̀ bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Tí ẹ bá sì ti fi fíìmù sí i, ẹ máa wo kókó tí a fi ń ká fíìmù padà: tó bá ń yí nígbà tí ẹ ń fa fíìmù, ó ti mú un nìyẹn.

Fíìmù kò pọ̀ lọ́jà wa, ó sì wọ́n. Kodak àti Ilford ṣì ń ṣe é. Àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè òkun bọ̀ lè rà á wá, kí wọ́n gbé e sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù yẹn wò lágbára tó lè bà á jẹ́. Èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun ni kí ẹ rà, a lè fọ̀ ọ́ fúnra wa nílé. Wọ́n máa ń fẹ́ kí oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ tutù dé ìwọ̀n 20, omi tiwa sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń gbé ìgò oògùn náà sínú abọ́ omi yìnyín títí á fi wálẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó wá ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá lẹ́yìn tí a bá jẹun tán.

Fíìmù méjì ló wà nílẹ̀ fún ọdún Ifá tó ń bọ̀, ìyẹn 72. Àwọn àgbà ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ìyánífá wa kan ti gba méjì sílẹ̀: ó ní ọ̀kan wà fún ojú òun, kí n sì fi èkejì ya ẹ̀yìn orí òun, torí ṣùkú ni òun fẹ́ dì, òun ò sì mọ bó ṣe ń rí látẹ̀yìn rí.