Kí Ni ‘Amúaradàgbà’ Lára Àpò Ìpékeré?

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà lónìí yóò bá irú ìpékeré kan pàdé lórí àtẹ, èyí tí a kò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe, tí a kò sì fi ọ̀dùnkún òyìnbó ṣe. Ìyẹ̀fun tí a yọ láti inú wàrà tàbí láti inú ẹ̀wà sóyà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ó fi sítáàṣì díẹ̀ àti òróró pò ó, ẹ̀rọ yóò fi ooru àti ipá tì í gba ojú ihò tóóró, bí ó bá sì ti bọ́ sí gbangba, omi inú rẹ̀ yóò di oru, yóò sì wú. Lẹ́yìn èyí ni a ó wọ́n iyọ̀ àti èròjà adùn sí i, tí a ó dì í sínú àpò, tí a ó sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé pùrótíìnì pọ̀ nínú rẹ̀.

Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè bá fẹ́ sọ ohun tí a kọ yìí ní Yorùbá, gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni ‘ó kún fún amúaradàgbà’. Gbólóhùn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní kí a tó gbà á wọlé: ‘amúaradàgbà’ àti ‘kún’.

Ní ọdún 1838 ni Berzelius, ará Súwídìn, dábàá orúkọ náà ‘pùrótíìnì’ fún Mulder, ará Nẹ́dálándì. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní. Ipò ni orúkọ ti àwọn ará Yúróòpù ń sọ. Iṣẹ́ ni ti Yorùbá ń sọ. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ àpólà ìṣe ‘mú ara dàgbà’, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣẹ̀dá ‘apẹja’ àti ‘aránṣọ’. Kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin èdè nínú ìṣẹ̀dá yìí, ọmọ ilé ìwé sì lè tètè lóye rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà ni ‘dàgbà’. Bí a bá wí fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé ó ń dàgbà, ìyìn ni. Bí a bá wí fún ẹni ọgọ́ta ọdún pé ara rẹ̀ ń dàgbà, yóò béèrè ohun tí a rí lára òun. Síbẹ̀ àgbàlagbà nílò èròjà yìí lójoojúmọ́, kì í ṣe láti ga sí i, bí kò ṣe láti tún iṣan, awọ àti ẹ̀jẹ̀ tí ń gbó ṣe. Ìgbìmọ̀ àwọn àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti ìlera kéde ní 2007 pé gíráàmù 0.83 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara ni ó tọ́ sí àgbàlagbà. Ẹni tí ó bá wọn kílógíráàmù 60 nílò nǹkan bí gíráàmù 50 lóòjọ́. A lè ṣẹ̀dá ‘atúnaraṣe’, ṣùgbọ́n ta ni yóò lò ó? ‘Amúaradàgbà’ ti wọ inú ìwé, ó ti wọ orí rédíò, kò sì yẹ kí a tún lé e jáde. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé orúkọ kì í ṣe àpèjúwe tán.

‘Kún’ ni ó léwu jù. Kí ni a fi wọ̀n ọ́n kí a tó sọ pé ó kún? Àpò ìpékeré oníwàrà kan tí ó wọn gíráàmù 32 lè ní gíráàmù 19 amúaradàgbà nínú kálórì 140. Gíráàmù amúaradàgbà kan ń mú kálórì mẹ́rin wá, nítorí náà kálórì 76, tí ó ju ìdajì lọ, ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìpékeré ọ̀dùnkún òyìnbó, ní ìwọ̀n gíráàmù 28, kò ní ju nǹkan bí gíráàmù méjì lọ nínú nǹkan bí kálórì 150. Lórí èyí, ìpékeré tuntun borí láìsí àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n òfin ìlú kan kì í ṣe ti èkejì. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2006 ní kí ó tó ìdá 20 nínú 100 agbára oúnjẹ náà kí a tó lè pè é ní ọlọ́pọ̀ amúaradàgbà. Ẹ jẹ́ kí a fi oúnjẹ ilé dán òfin yìí wò. Ẹ̀pà gíráàmù 28 ní nǹkan bí gíráàmù méje nínú nǹkan bí kálórì 160. Kò dé ojú ìwọ̀n náà, nítorí òróró rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀wà sísè, tí nǹkan bí gíráàmù mẹ́jọ wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀ pẹ̀lú kálórì bí 116, kọjá rẹ̀ dáadáa. Kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sára ewé tí a fi ń bu ẹ̀wà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tí ń ṣe kúlíkúlí pàápàá, bí wọ́n ti ń fún òróró kúrò lára ẹ̀pà, ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń dín ọ̀rá kù kí amúaradàgbà lè pọ̀ sí i nínú èyí tí ó kù.

Ní Amẹ́ríkà, ìdá 20 nínú gíráàmù 50 ti ojúmọ́ kan, ìyẹn gíráàmù mẹ́wàá, ni òfin ń béèrè nínú ìwọ̀n tí a ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún ń yọ nínú rẹ̀ bí amúaradàgbà náà kò bá pé. Irú ásíìdì àmínò ogún ni ara fi ń kọ́ amúaradàgbà. Ara àgbàlagbà kò lè ṣe mẹ́sàn-án nínú wọn fúnra rẹ̀. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà nínú wàrà. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín, tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpékeré yìí níbẹ̀, ní gíráàmù tí ó pọ̀ lójú ìwé, ṣùgbọ́n kólájìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kólájìn kò sì ní tíríptófáànì rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ̀nmọ́ wa. Ẹni tí ó bá sè àdàlú ti yanjú ọ̀ràn yìí láìka ìwé: láìsíìnì tí ó kéré nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, mẹ̀táyóníìnì tí ó kéré nínú ẹ̀wà sì wà nínú àgbàdo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé ni ti ọmọdé. Gíráàmù 19 ni ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ fún odidi ọjọ́ kan. Àpò kékeré kan ti tó o, bí kò tilẹ̀ tíì fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀. Òbí tí ó gbọ́ ‘kún’ àti ‘mú ara dàgbà’ pọ̀ lè rò pé àpò kejì yóò mú ọmọ ga ju àpò kìn-ín-ní lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara kò ní àká fún amúaradàgbà tí ó ṣẹ́kù; ẹ̀dọ̀ yóò yọ náítírójìn rẹ̀, ìtọ̀ yóò gbé e jáde, ìyókù yóò sì di agbára tàbí ọ̀rá. Bí ebi bá sì ń pa ọmọ náà, tí oúnjẹ afúnnilágbára kò tó, ara yóò sun amúaradàgbà bí igi ìdáná. Ohun tí McLaren ń tọ́ka sí nìyẹn nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1974, nígbà tí ó bá àwọn tí ń pariwo àìtó pùrótíìnì nìkan wí.

Nítorí náà, ‘ìpékeré ọlọ́pọ̀-amúaradàgbà’ sàn ju ‘ó kún fún’ lọ, bí a bá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí atúmọ̀ èdè má sì pè é ní ‘ìpékeré inú ọ̀rá’, bí àwọn ará ọjà ti lè fẹ́. Ọ̀rá kan náà ni yóò tún bá pàdé nísàlẹ̀, níbi tí a ti ka èròjà, pẹ̀lú gíráàmù márùn-ún níwájú rẹ̀, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá òróró ni wọ́n wọ̀n, tàbí àpò.