Ẹ Mú Ara Rẹ̀ Tutù Kí Ẹ Tó Gbé E

Bí ènìyàn bá ṣubú lójú ọ̀nà Jámárà, níbi tí wọ́n ti ń sọ òkò ní Háájì, ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà, lọ́sàn-án gangan, àwọn ará wa á kọ́kọ́ pagbo yí i ká ná. Ẹnìkan á máa pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, ẹnìkan á máa da omi Zamzam sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn á máa pariwo pé kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́sibítù. Atẹ́gùn ò ní ráyè kọjá mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ará Ìsẹ́yìn, mo wà lára àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó ń ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ sí Háájì. Àlájà Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Abẹ́rẹ́ kọ́ ni wàhálà mi lọ́hùn-ún, kí wọ́n sún sẹ́yìn ni.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ooru Mẹ́kà ga dé 51.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjọba Saudi Arabia kéde pé ènìyàn 1,301 ló kú nínú Háájì ọdún náà. Ó ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún wọn tí kò ní ìwé àṣẹ: wọn ò ní àgọ́, wọn ò ní bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn nínú oòrùn. Kí ẹni tí wọ́n bá ń tàn pé kó gba ẹ̀yìn wọlé nítorí owó pọ́ọ́kú gbọ́ o.

Ara ènìyàn fẹ́ máa wà ní nǹkan bí 37. Bí ooru bá mú wa, òógùn ló ń gbà wá. Bó ṣe ń gbẹ lára ló ń kó ooru lọ. Bí omi ara bá ti tán, ooru á há sínú. Bó bá kọjá 40, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí dàrú, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín náà ò ní gbẹ́yìn. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní heat stroke nìyẹn. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, àmọ́ tó mọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó wà, kò tíì débẹ̀. Ibòji, ìsinmi àti omi tó ní iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ lè tó o. Ẹni tó bá ti ń sọ kántankàntan ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Ẹ má sì sọ pé ó ṣì ń làágùn, pé kò tíì le. Àwọn kan ń làágùn títí tí wọ́n fi dákú.

Ìyá kan wà, ẹni bí àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ wọn tó wà ní Ṣakí pè mí. Wọ́n ní kí n lọ gbé ìkòkò kúrò lórí iná. A gbé wọn sábẹ́ ibòji bọ́ọ̀sì kan. Àwọn obìnrin méjì na ìborùn wọn bí ògiri, mo bọ́ aṣọ àwọ̀lékè kúrò lára Ìyá, mo rọ omi ìgò sí wọn láti orí dé ẹsẹ̀, a sì ń fi páálí fẹ́ wọn. Bó bá ti gbẹ, mo tún rọ òmíràn. Ẹnìkan sáré ra yìnyín wá, mo kì í sí wọn lábíyá, sí ọrùn àti sáàárín itan. Kí áńbúláǹsì tó dé, Ìyá ti ń bèèrè bàtà wọn.

Bí ara bá ṣe pẹ́ tó lókè 40 ni ìbàjẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tí à ń lé ni kó wá sí 39 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú èrò Mínà kò gbé ọ dé ibì kankan. Ẹ pe áńbúláǹsì, ṣùgbọ́n kí omi máa dà lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló ṣubú, bí àwọn bíríkìlà tiwa nínú oòrùn oṣù Kẹta, tí ọpọ́n ńlá sì wà nítòsí, ẹ rì í sínú omi tútù dé ọrùn, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú. Kò sí èyí tó yá jù ú lọ.

Ní 1980, àwọn olùwádìí méjì, Mustafa Khogali àti J. S. Weiner, kọ nípa bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n ṣe fún irú aláìsàn báyìí ní Mẹ́kà. Orí àwọ̀n ni aláìsàn ń sùn sí, wọ́n á máa fọ́n omi bí ìrì sí i lára, wọ́n á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn gbígbóná ni o, nǹkan bí 45! Èrò wọn ni pé bí awọ bá tutù jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á fún pọ̀, ooru inú ò ní tètè rọ́nà jáde. Iṣẹ́ omi àti atẹ́gùn bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ni páálí wa àti omi ìgò ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, parasitamọ́ọ̀ kò wúlò níbí. Ibà ni ìyẹn ń bá jà, níbi tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ti ní kí ara gbóná. Ẹ má sì da omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ, Zamzam ni o, omi ẹ̀rọ ni o. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ máa ṣàdúrà lọ, kí ọwọ́ ṣáà máa ju abẹ̀bẹ̀.

Lọ́dọọdún ni Háájì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá wá síwájú, ó ti ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún báyìí, àmọ́ oṣù Karùn-ún Mẹ́kà kì í ṣe ọyẹ́. Bí àwọn òbí yín bá ń lọ, ẹ ra agboòrùn funfun fún wọn. Ọkùnrin tó wọ ìhíráámù, aṣọ Háájì, ò gbọdọ̀ dé fìlà, àmọ́ agboòrùn kò sí lára èèwọ̀. Ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ fi han dókítà kí wọ́n tó wọ bàálù, pàápàá èyí tó ń mú wọn tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Kí ẹ sì kọ 997 sẹ́yìn káàdì ọrùn wọn. Nọ́mbà áńbúláǹsì lọ́hùn-ún nìyẹn.