Òótọ́ àbí irọ́? Jẹ̀díjẹ̀dí, malt àti ṣúgà ọmọdé

"Ṣúgà ní í fa jẹ̀díjẹ̀dí." Irọ́ ni. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa gbà gbọ́ nípa ṣúgà, n kò rí èyí tó ti dáàbò bo ọmọ Yorùbá tó o. Bí ìdí bá ń yọ èèyàn, ìgbẹ́ tó le koko àti gbígbin nílé ìgbẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ṣúgà kọ́ ló ń tì í jáde. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá bẹ̀rù jẹ̀dí kì í fi páálí ṣúgà sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o. Bó bá ká ọmọ mọ́ ìdí gààrí tó ń bu ṣúgà kún, á ní, "Fi ṣíbí yẹn sílẹ̀, jẹ̀dí á mú ẹ o!" Ìdí tó fi bá a wí kò tọ̀nà, àmọ́ eyín ọmọ náà jèrè.

Ọmọ ọdún méjì kì í dá ra nǹkan. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá gbà pé ó dáa ló ń dé inú ife rẹ̀. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ tó ń yin ṣúgà ló ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń bú u lọ.

"Ṣúgà ló ń bí aràn." Irọ́. Ẹyin aràn máa ń wà nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́, ọwọ́ ìdọ̀tí àti èso tí a kò fọ̀ ló sì ń gbé e wọ ẹnu. Ọṣẹ àti omi ni ká mú.

"Malt àti mílíìkì ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀." Irọ́, ẹ sì jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ibà á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun, ìyá á yọ nínú owó ọbẹ̀ láti ra malt, á da mílíìkì sí i, á jókòó ti ọmọ títí tó fi mu ún tán. Ìfẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ yí agolo malt náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: omi, ọkà tí wọ́n mú hù, àti ṣúgà. Áyọ́ọ̀nù ni ẹ̀jẹ̀ ń wá, inú ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló sì wà. Mílíìkì kò ní in tó nǹkan. Kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń dí áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kó má wọ ara dáadáa. Èyí tó wá burú jù ni pé malt ti yó ọmọ, bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà dé, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bákan náà ni glúkóòsì tí wọ́n ń pò fún ọmọ jòjòló "kó lè lágbára." Ṣúgà ni glúkóòsì. Àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n fún un, ọmú nìkan tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún un sọ pé ọmọ oṣù 6 sí 23 kò gbọdọ̀ mu ohun mímu tí wọ́n fi ṣúgà sí.

"Oyin yàtọ̀ sí ṣúgà, oyin kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan." Irọ́ tó léwu ni. Oyin lè gbé kòkòrò kan tó ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára dání, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n fi í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí ìyá àti bàbá tọ́ oyin náà wò lórúkọ ọmọ. Àdúrà náà á ṣẹ.

"Ṣúgà ń mú kí ọmọ máa ta bọ́n-ún bọ́n-ún." Irọ́. Lọ́dún 1994, àwọn olùṣèwádìí méjì, Daniel Hoover àti Richard Milich, ní Amẹ́ríkà kó ọmọkùnrin 35 jọ, ọmọ ọdún 5 sí 7, tí ìyá wọn ní ṣúgà ń dà láàmú. Kò sí èyí tí wọ́n fún ní ṣúgà níbẹ̀. Adùn tí kì í ṣe ṣúgà ni gbogbo wọn mu. Wọ́n wá sọ fún apá kan nínú àwọn ìyá pé ṣúgà lọmọ wọn mu. Àwọn ìyá yẹn ló ní ọmọ àwọn kò jókòó jẹ́ẹ́, àwọn náà ló sì ń bá ọmọ wí jù.

"Ọmọ kò ní mu ògì tí kò ní ṣúgà." Òótọ́ ni fún ọmọ tó ti mọ adùn rẹ̀, irọ́ ni fún èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìyá tó ń po ògì: á kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́, á lá a, ojú rẹ̀ á fà ro, á nawọ́ sí ṣúgà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ṣèdájọ́, ọmọ kò tíì tọ́ ọ wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, tí ẹ gún kúnná, á pa kíkan ògì náà. Ẹ lọ edé àti sóyà sí i. Bí ọmọ bá tu ú dànù lónìí, ẹ gbé e wá lọ́la àti lọ́tunla. Ó lè tó ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ẹnu rẹ̀ tó gbà á. Èyí tí ṣúgà ti mọ́ lára, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ti bá màmá àgbà sọ ọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wọn fún ọlidé.