Tadhg: Orúkọ Akéwì Tí Wọ́n Fi Timothy Bò Mọ́lẹ̀

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní ìlú Dublin fi àwòrán káàdì ìpè kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ kan ní kíláàsì ọmọ rẹ̀ ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ náà gàdàgbà sí àárín káàdì: Tadhg. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi fi tẹ̀lé e kò gùn. Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé nípa èdè, báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí?"

Mo gbìyànjú. Mo pè é ní Tádì, mo pè é ní Tádígì, mo tilẹ̀ ká ahọ́n mi lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé. Gbogbo rẹ̀ ló forí ṣánpọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ló gbà wá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Táìgì ni!" Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ó yà á lẹ́nu pé àgbàlagbà méjì kò mọ ohun tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, n kì bá tí kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi ń ro nǹkan kan lọ́kàn. Olúwatìmílẹ́yìn ni orúkọ ọmọ rẹ̀, Tìmílẹ́yìn la sì ń pè é nílé. Ní ilé ìwé, Tìmílẹ́yìn ti di Tímì, Tímì sì ti di Tim. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń gbèrò láti kọ Timothy sínú fọ́ọ̀mù kíláàsì tuntun, kí ara lè tu gbogbo ènìyàn. "Ṣebí ó jọ ọ́ náà," ni ó wí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, nítorí mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ìdí orúkọ tí ó wà lórí káàdì yẹn. N kò mọ̀ pé Timothy ni n ó bá pàdé níbẹ̀.

Ta ni ń jẹ́ Tadhg?

Tadhg jẹ́ orúkọ ọkùnrin ní èdè Gaeilge, èdè àbínibí àwọn ará Írẹ́lándì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni akéwì. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ náà, akéwì kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ dá àwọn ènìyàn lára yá lásán. Òun ló mọ ìtàn ìdílé ọba, òun ló ń ka ìran wọn láti orí baba ńlá dé orí ẹni tí ó wà lórí oyè, ọba sì ń fi ilẹ̀ àti màlúù ta á lọ́rẹ. Bí ó bá yin ènìyàn, òkìkí onítọ̀hún a kàn. Bí ó bá fi ewì bú u, ìtìjú náà a kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí onírárà ṣe ń ki ọba láàfin yóò mọ irú ènìyàn tí mo ń sọ.

Ní ti ìpè orúkọ náà, ẹ rò ó bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, tiger, tí ó sì dákẹ́ kí ó tó parí. Lẹ́tà 18 péré ni álífábẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti Gaeilge ní, nígbà tí tiwa jẹ́ 25. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi h sí ẹ̀yìn lẹ́tà mìíràn láti fi hàn pé ìró rẹ̀ ti yí padà. Nínú Tadhg, dh kò dún fúnra rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún un ni láti sọ a tí ó ṣáájú rẹ̀ di ai. Bí ìyá bá sì fẹ́ pe ọmọ náà wá jẹun, orúkọ náà tún yí: a Thaidhg ni yóò ké, t yóò di h, etí yóò sì gbọ́ "a Háìgì". Èmi tí mo máa ń fi àmì ohùn Yorùbá dẹ́rù ba àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo dákẹ́.

Orúkọ náà ti pẹ́. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, àwòrò kan wà tí ń jẹ́ Tadg mac Nuadat. Òun ni bàbá Muirne, Muirne ló sì bí Fionn mac Cumhaill, akọni tí ìtàn rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ náà. Nínú ìtàn tí a kọ sílẹ̀, Tadhg Mór Ó Ceallaigh, ọba Uí Maine, kú ní ojú ogun Clontarf lẹ́bàá Dublin ní ọdún 1014, níbi tí ó ti ń jà fún Brian Boru, ọba àgbà ilẹ̀ Írẹ́lándì. Brian pàápàá bí ọmọ kan tí ń jẹ́ Tadhg.

Èyí tí ó mú mi lọ́kàn jù ni Tadhg Dall Ó hUiginn ti agbègbè Sligo, akéwì ńlá ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Dall túmọ̀ sí afọ́jú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ikú rẹ̀ ni pé ọkùnrin mẹ́fà láti ìdílé Ó hEadhra wọ ilé rẹ̀, wọ́n jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, òun náà sì fi ewì bú wọn kanlẹ̀. Wọ́n padà wá, wọ́n gé ahọ́n rẹ̀. Ọdún 1591 ni ó kú. Akéwì tí ń jẹ́ Akéwì, ewì ni wọ́n ní ó pa á.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ tí ọba ń jẹ́ di orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ́, débi pé ó wọnú àkànlò èdè. Títí di òní, "Tadhg an mhargaidh", ìyẹn Tadhg inú ọjà, ni wọ́n ń pe mẹ̀kúnnù, ẹni kan ṣá láàárín èrò. "Tadhg an dá thaobh", Tadhg ìhà méjì, sì ni ẹlẹ́nu méjì tí ń jẹ níhìn-ín tí ń jẹ lọ́hùn-ún.

Bí Timothy ṣe gba ilé onílé

Ìjà lórí orúkọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Írẹ́lándì. Ní ọdún 1366, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní ìlú Kilkenny. Òfin náà kò fàyè gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti tẹ̀dó sí Írẹ́lándì láti máa sọ Gaeilge tàbí láti máa jẹ́ orúkọ bí àwọn onílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ènìyàn wọn ń di ará Írẹ́lándì. Lẹ́yìn ọ̀rúndún mélòó kan, ọ̀rọ̀ yí padà: ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì le, àwọn onílẹ̀ ló wá ń di Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1831 ni ìjọba ti dá ilé ìwé sílẹ̀ káàkiri, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọdún 1864, ó di dandan kí gbogbo ìbí wọ inú ìwé ìjọba, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni èdè ìwé yẹn.

Kí ni akọ̀wé yóò kọ nígbà tí bàbá ọmọ bá ní Tadhg ni orúkọ rẹ̀? Ó kọ Timothy. Ní ibòmíràn, ó kọ Thaddeus tàbí Thady. Timothy jẹ́ orúkọ Gíríìkì inú Bíbélì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ń bọlá fún Ọlọ́run. Orúkọ rere ni, ṣùgbọ́n kò bá akéwì tan rárá. Lẹ́tà T nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Bákan náà ni wọ́n sọ Diarmaid di Jeremiah, tí wọ́n sọ Conchobhar di Cornelius, tí wọ́n sì sọ Donnchadh di Denis. Wọn kò túmọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n kàn wá èyí tí ó jọ ọ́ díẹ̀ létí.

Kò sì yẹ kí a di gbogbo ẹrù náà lé akọ̀wé lórí. Láti ọdún 1845 dé 1852, ọ̀dùnkún, tí ó jẹ́ oúnjẹ àwọn tálákà, jẹrà nínú ilẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú, àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gaeilge ni ìyà náà jẹ jù. Òbí tí ó bá rí irú èyí kò ní í fẹ́ kí orúkọ di ìdènà fún ọmọ rẹ̀ ní New York tàbí ní Liverpool. Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọmọ rẹ̀ ní Timothy. Ibí yìí ni mo ti dá ìwádìí dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀: kí ara lè tu gbogbo ènìyàn.

Ohun tí ó burú ju ìgbàgbé lọ tún ṣẹlẹ̀ sí orúkọ náà. Nítorí pé Tadhg pọ̀ láàárín wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ Írẹ́lándì èyíkéyìí ní Teague. Nínú eré orí ìtàgé tí Robert Howard kọ ní ọdún 1662, The Committee, Teague ni orúkọ ìránṣẹ́ tí àwọn òǹwòran ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, ó di Taig, èébú tí wọ́n ń bú àwọn Kátólíìkì ní àríwá Írẹ́lándì. Ní àkókò rògbòdìyàn tí ó gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1998, èyí tí ó pa nǹkan bí 3,500 ènìyàn, wọ́n ń kọ èébú náà sára ògiri ní Belfast. Orúkọ tí ó túmọ̀ sí akéwì ni ẹni tí ó bá rí i lára ògiri ń sá fún.

Ìpadàbọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, Douglas Hyde, ọmọ àlùfáà ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, sọ̀rọ̀ kan ní Dublin tí ó mi ìlú. Ó ní ìtìjú ni bí àwọn ènìyàn òun ṣe ń sọ èdè wọn nù, ó sì mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ wọn dà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òun àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge sílẹ̀ láti gbé èdè náà ró. Ní 1938, Hyde di ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Èkó yóò rántí pé ní àkókò yẹn gan-an, ní ọdún 1894, David Brown Vincent ju orúkọ náà sílẹ̀, ó sì di Mọ́jọlá Àgbébí. Òkun ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló ń ṣàkóso wọn, ohun kan náà ló sì ń dùn wọ́n.

Ìdílé kan ní agbègbè Kerry fi hàn bí orúkọ ṣe ń padà sílé. Tim Kennelly jẹ́ gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù Gaelic, òun ló sì ṣe olórí ikọ̀ Kerry ní ọdún 1979. Nígbà tí ó bí ọmọkùnrin, kò sọ ọ́ ní Timothy. Tadhg ni ó sọ ọ́. Tadhg Kennelly lọ sí Ọsirélíà, ó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú Sydney Swans ní 2005, ó sì padà wá gba ife ẹ̀yẹ Írẹ́lándì pẹ̀lú Kerry ní 2009. Lónìí, ẹni tí ó bá ń wo rugby mọ Tadhg Furlong àti Tadhg Beirne. Àwọn oníròyìn orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò mọ orúkọ náà pè ní láti kọ́ ọ, nítorí wọn kò lè ka eré náà láìdárúkọ wọn.

Ní ọdọọdún ni Central Statistics Office, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò nípa ìlú, máa ń gbé àkójọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun jáde. Láti 2007, Jack ló ń léwájú ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọdún náà. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Tadhg ti wọ àárín ogún orúkọ àkọ́kọ́ fún ọkùnrin, òun pẹ̀lú Cillian, Oisín, Fionn àti Rían. Àwọn òbí tí ń sọ ọmọ wọn lórúkọ yìí mọ̀ pé yóò máa ṣàlàyé ìpè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú títí ayé. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi

N kò wàásù fún un. Ẹni tí kò gbé ní ìlú onílùú kò mọ bí ó ti ń rẹ ènìyàn láti máa tún orúkọ ọmọ rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Mo kàn ro ìtàn Tadhg fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ohun tí ó kù. Olúwa ti lọ, lẹ́yìn ti lọ. 'Tì mí' nìkan ló ṣẹ́kù, a kò sì mọ ibi tí wọn yóò ti ọmọ náà sí." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì dákẹ́.

Ó lọ sí ayẹyẹ náà ní ọjọ́ Sátidé. Ó sọ fún mi pé bàbá àgbà ọmọ tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún wà níbẹ̀, bàbá arúgbó kan tí ń gé àkàrà òyìnbó fún àwọn ọmọdé. Tim ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè, bàbá náà ní ìyá òun ń pe òun ní Tadhg nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan láyé tí ó ní orúkọ yẹn. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ti kọ Olúwatìmílẹ́yìn sí i, tòun ti gbogbo àmì rẹ̀, orúkọ náà sì gùn kọjá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ bí wọn yóò ṣe máa pè é: Tìmílẹ́yìn.