Bí Ẹbí Bá Ní Ká Wá Bá Òun Polongo Ìbò

Ẹni tó máa ń fà wá wọ òṣèlú kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹ̀gbọ́n wa ni, tàbí ọmọ àbúrò bàbá wa. Bí a bá kọ̀ láti bá a lẹ pósítà, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo Niamey, olú ìlú Niger. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 2021, Mohamed Bazoum àti Mahamane Ousmane jọ du ipò ààrẹ. Bazoum ló wọlé, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Ẹgbẹ́ lọ, mọ̀lẹ́bí kù.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ tó yẹ ká kọ́. Ọmọ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin àti ọmọ arábìnrin rẹ̀, tí àwọn Háúsá ń pè ní taubasai, lè fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láìsí ìbínú. Ní ọdún 2014, UNESCO kọ àṣà àwàdà yìí mọ́ àwọn ogún àṣà aráyé.

Nítorí náà, kí a tó tẹ̀ lé ẹbí wa, ẹ jẹ́ ká béèrè: ta ni yóò san owó ọkọ̀ wa? Ṣé wọn kò ní fi àwọn ọmọ wa ṣe jàǹdùkú? Bí a bá fìdí rẹmi, ṣé a ó ṣì jọ jẹun? Ìbò ń bọ̀, ìbò ń lọ. Ẹni tí yóò gbé wa dé ọsibítù lóru, mọ̀lẹ́bí náà ni.