Olè Wọ Ilé Onítẹ́tẹ́, Kí Ló Kan Onídùúró?



Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a gba owó oṣù tán, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Atákúnmọ́sà dìde, ó ní òun ò ní lè san owó ẹ̀yáwó òun lóṣù yìí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá yìí kì í jẹ gbèsè. Ọmọ òṣómàáló ni. Bàbá rẹ̀ ló ń ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, tí í lóṣòó ti onígbèsè títí owó á fi jáde. Òun náà ló wá ń bẹ̀bẹ̀ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, a máa ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi káàdì ìyá rẹ̀ sanwó níbẹ̀, ₦1,000 péré, ó sì fi nọ́ńbà káàdì náà sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnì kan pe ìyá lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó pe orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, ó dárúkọ báńkì rẹ̀, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì, ó tún dárúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà àti ₦1,000 ọjọ́sí. "Mọ́mì, olè fẹ́ fi káàdì yín gbowó níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè tì í pa. Nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí, ẹ kà á fún mi." Ìyá kà á. Kó tó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ₦186,000 ti lọ. Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn ń din àkàrà ní Òkè-Fìà, kò tilẹ̀ ní fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ ra. Bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa, owó ìfipamọ́ tirẹ̀ la máa fọwọ́ kàn bí gbèsè yìí bá di àìsan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyá ṣẹ̀sín. Bí ẹnì kan bá mọ gbogbo ìyẹn nípa yín, ẹ̀yin náà lè gbà á gbọ́. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, níbo ló ti mọ̀ ọ́n?

Gbogbo wa la mọ báàgì alájọ. Bó bá sọnù, owó nìkan kọ́ ló sọnù. Ẹni tó rí ìwé inú rẹ̀ ti mọ orúkọ gbogbo àdúgbò, iye tí kálukú ń dá, àti ìgbà tí owó wọn máa pé. Ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ìwé tirẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Àwọn onítẹ́tẹ́ àti onígéèmù sì wu olè púpọ̀, nítorí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọ̀nà ìsanwó ló kún ibẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Bet9ja, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, dédé dákẹ́. Àwọn oníbàárà ò rí àkáǹtì wọn wọ̀. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan láti Rọ́ṣíà, BlackCat, ló kọlu àwọn. Iṣẹ́ irú wọn ni kí wọ́n ti kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ pa, kí wọ́n sì bèèrè owó ìtúsílẹ̀ bíi ti ajínigbé. Bet9ja fi dá àwọn oníbàárà lójú pé owó wọn wà láìléwu, iṣẹ́ sì padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìròyìn jáde pé àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà Surebet247 ti jò síta, àjọ NITDA sì kéde pé òun yóò ṣèwádìí. A ò sọ pé ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló fa ti ìyá wa o. Ohun tí à ń sọ ni pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí.

Àwọn òyìnbó pàápàá ò mú un jẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, olè wọ ibi tí Sony ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù PlayStation sí. Àkáǹtì tó tó mílíọ̀nù 77 ló kàn. Ọjọ́ 20 ni Sony ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 26 ló tó sọ fún oníbàárà pé olè ti kó ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ní 2013, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn £250,000 lé e.

Èyí tó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù ni ti DraftKings, onítẹ́tẹ́ Amẹ́ríkà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún 18 kan ló kó ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní password, tó ti jò láti ibòmíràn, ó ń fi dán ilẹ̀kùn wò. Nǹkan bí àkáǹtì 60,000 ló ṣí, nítorí kọ́kọ́rọ́ kan náà làwọn onílé ń lò káàkiri. Nǹkan bí $600,000 lọ lára àkáǹtì bíi 1,600. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni wọ́n dá fún un ní 2024.

Nílé wa, òfin wà láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023: bí ìsọfúnni bá jò tó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC létí láàárín wákàtí 72, bí ewu rẹ̀ bá pọ̀, kó sọ fún oníbàárà fúnra rẹ̀ kíákíá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, owó ìyá wa ò sì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nítorí náà, ká ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Káàdì tí owó oṣù tàbí owó ẹgbẹ́ ń wọ̀, kó má fojú kan tẹ́tẹ́ tàbí géèmù láé. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má ta, kó ṣí àkáǹtì kékeré lọ́tọ̀, kó máa fi ìwọ̀nba tó fẹ́ ná sí i. Bí wọ́n bá bi yín bóyá kí àwọn tọ́jú káàdì yín dè yín, ẹ ní rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, tó ní kí ẹ ka OTP, PIN tàbí nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì, ẹ pa fóònù, kí ẹ̀yin fúnra yín pe nọ́ńbà báńkì tó wà lẹ́yìn káàdì. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà ibì kan má jọ ti ibòmíràn, pàápàá ti íméèlì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ̀ ń gbàgbé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nílé. Olè Rọ́ṣíà ò lè dé ìsàlẹ̀ àpótí yín ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ẹ sì rọra bi àwọn ọmọ léèrè, ẹ má pariwo. Ẹ̀rù ariwo ni ò jẹ́ kí ọmọ yìí sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti fún ìyá wa ní oṣù mẹ́ta sí i, a kò sì tíì fọwọ́ kan owó onídùúró kankan. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí kálukú mú fóònù rẹ̀ dání. Ọmọ ìyá aláṣọ ti ní òun máa wà níbẹ̀, òun lòun máa fi bí wọ́n ṣe ń yọ káàdì kúrò han àwọn àgbà.