Ìṣeré Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Ìwádìí: Àwàdà, Ẹ̀yà Eré àti Kíkọ́ni ní Èdè Abínibí

Àwàdà wà lára ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí ó máa ń tètè kú sórí ìwé. Olùkọ́ tí ó bá ti ka eré apanilẹ́rìn-ín ní kíláàsì rí yóò ti ṣàkíyèsí pé ìran tí ó mú kí òǹwòran máa di ìhà mú ní ìtàgé lè kọjá láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìsí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn yóò mọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó sọ, síbẹ̀ wọn kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi pani lẹ́rìn-ín. Ìṣòro yìí kò mọ sọ́dọ̀ olùkọ́ nìkan. Ó ti dojú kọ àwọn onímọ̀ ní yunifásítì pẹ̀lú, òun ni ó sì mú kí díẹ̀ nínú wọn dìde kúrò ní ìjókòó òǹwòran bọ́ sórí ìtàgé, kí wọ́n lè fi ara ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, tí ìṣẹ̀dá àti ìṣeré fúnra wọn jẹ́ ọ̀nà ìmọ̀ nínú rẹ̀, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Àpẹẹrẹ kan wá láti Gánà, ó sì yẹ kí inú olùkọ́ dùn sí i, nítorí pé tíṣà wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1918, Tíṣà Yalley, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sekondi, ṣe eré apanilẹ́rìn-ín ní àyájọ́ Ọjọ́ Ẹ́ńpáyà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba iwájú nínú irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ni wọ́n sì ń wò ó. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń jẹ́ Ishmael Johnson fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì di Bob Johnson tí gbogbo ìlú mọ̀. Títí di òní, ‘bob’ ni orúkọ ipa aláwàdà nínú eré kọ́ńsáàtì. Ẹgbẹ́ Axim Trio dìde ní 1935. Nígbà tí E. K. Nyame sì dá Akan Trio sílẹ̀ ní 1952, orin háíláìfù àti ọ̀rọ̀ ẹnu eré pàdé pọ̀ nínú èdè Akan.

Inú eré yìí ni John Collins wọ̀ ní 1969. Ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Jaguar Jokers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, gẹ́gẹ́ bí onígìtá, ó sì bá wọn rìnrìn àjò eré, kí ó tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Gánà. Olórí ẹgbẹ́ náà, Y. B. Bampoe, ni ó máa ń ṣe Opia, aláwàdà oníjọ̀gbọ̀n tí kò sí ohun tí kò lè dàrú. Onígìtá kò lè wo irú eré bẹ́ẹ̀ bí àlejò. Ó ní láti mọ ìgbà tí ẹ̀rín àwùjọ ń rọlẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan okùn gìtá. Bí ó bá yá jù, ó já ẹ̀rín náà gbà mọ́ aláwàdà lọ́wọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, ìtàgé á tutù. Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ ènìyàn ní irú ìmọ̀ àkókò bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ tí ó lókìkí jù lọ lọ́nà yìí ni ti Karin Barber. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a mọ̀ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì ń kó ipa nínú eré wọn. Èso iṣẹ́ náà ni ìwé The Generation of Plays, tí ó jáde ní 2000. Ohun tí ẹni tí ó jókòó sí ìwòran kò lè tètè mọ̀ ni pé eré náà kò ní ìwé. Adéjọbí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rántí gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú Kóòtù Aṣípa, a máa sọ ìtàn fún àwọn òṣèré, a sì pín ipa. Ọ̀rọ̀ ẹnu di ti òṣèré fúnra rẹ̀. Òwe tàbí èébú kan tí ó pa àwùjọ lẹ́rìn-ín lálẹ́ òní yóò tún jáde ní ìlú mìíràn lọ́la pẹ̀lú ìrù tuntun. Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ṣe àdàkọ mẹ́ta nínú àwọn eré náà pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1994.

Àbájáde kejì kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá bi àwọn òǹwòran ní ohun tí wọ́n rí nínú eré, ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń ní àwọn mú lọ sílé, bí wọ́n tilẹ̀ ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn òṣèré náà ka ara wọn sí olùkọ́. Èyí kò yani lẹ́nu: Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣe tíṣà rí. Alain Ricard náà ṣiṣẹ́ lórí irú eré bẹ́ẹ̀ ní Lomé, láàrin ẹgbẹ́ Happy Star tí ń fi èdè Ewe ṣeré, òun, Barber àti Collins sì jọ gbé ìwé kan jáde ní 1997 lórí eré ìtàgé gbajúmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Olùkọ́ tí ó bá rí ìwé náà kí ó má ṣe jẹ́ kí ó bọ́.

Kí ni ìṣeré ń fi hàn tí ìwé kò lè fi hàn? Ìfọ̀rọ̀dárà ni àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù. Ìwé gírámà á sọ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ ní ohùn, àti pé aláwàdà a máa fi wọ́n ṣeré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàyé náà kò tí ì dé ibi tí ẹ̀rín wà. Bí obìnrin kan lórí ìtàgé bá kígbe pé, ‘Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́!’ kò sí ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ mọ́ tí yóò gbọ́ ‘ọkọ mi’. Ohùn kò gbà á láàyè. Kí baálé ilé tó lè fi ìbínú dáhùn pé òun kò bàjẹ́, aláwàdà gbọ́dọ̀ fún un ní ìdí tí ó fi ṣì í gbọ́: etí rẹ̀ di, tàbí ó ti mutí yó, tàbí, èyí tí ó dùn jù, ó gbọ́ ọ dáadáa ṣùgbọ́n kò fẹ́ sanwó mẹkáníìkì. Ìdí yìí ni ó ń pani lẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbìyànjú láti ṣe ìran náà yóò tètè rí i, nítorí pé bí kò bá ní ìdí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kàn máa wò ó ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà eré tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní ilẹ̀ Hausa, àwọn aláwàdà kan wà tí wọ́n ń pè ní ’yan kama. C. G. B. Gidley kọ nípa wọn ní 1967, Graham Furniss náà sì gbé wọn yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ ti 1996. Àsínjẹ ni iṣẹ́ wọn. Orin ìyìn tí ó yẹ olóyè ni wọn yóò kọ fún oúnjẹ. Ohùn oníwàásù ni wọn yóò gbé wọ̀, tuwo ni wọn yóò sì fi wàásù. Ẹni tí kò mọ ìlànà orin ìyìn kò lè rẹ́rìn-ín sí i, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dénú kò sì lè ṣe é. Ibí yìí ni èrè olùkọ́ wà. Ìbéèrè ìdánwò a máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àbùdá ẹkún ìyàwó, akẹ́kọ̀ọ́ a sì há wọn sórí láìgbọ́ ẹkún ìyàwó kan rí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí ó sun ẹkún ìyàwó lẹ́nu ọmọkùnrin tí ń fi ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé onílé-gbígbé, kò sí ibi tí yóò sá sí. Bí kò bá mọ bí ìyàwó ṣe ń pe òbí, bí ó ṣe ń tọrọ ìre àti bí ohùn ṣe ń fà, igbe lásán ni yóò ké. Olùkọ́ Tiv, Igbo tàbí Ẹ̀dó yóò mọ èyí tí ó bá èdè tirẹ̀ mu. Kí ó yé wọn, ṣá, pé ohun tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kà sí mímọ́ kì í ṣe ohun àsínjẹ ní kíláàsì. Òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá, níbi tí ẹnu ti gba gbogbo ọ̀rọ̀, ní àṣẹ tí ó dúró lé.

Àwọn kan kò fara mọ́ ọ̀nà ìwádìí yìí, àríyànjiyàn wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Eré a máa parẹ́ bí ó bá ti parí. Kí ni olùyẹ̀wò yóò wá gbé sórí òṣùwọ̀n? Olùwádìí tí ó sì bọ́ sórí ìtàgé ti yí ohun tí ó ń wò padà, pàápàá bí ó bá jẹ́ òyìnbó tí ń sọ Yorùbá láàrin àwọn òṣèré Òṣogbo. Ìdáhùn Robin Nelson, nínú ìwé rẹ̀ ti 2013, ni pé kí ẹ̀rí wá láti ọ̀nà púpọ̀: eré fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, àti ìwé àlàyé tí ó bá a rìn. Kíláàsì lè ṣe èyí láìní owó ńlá. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìran ìṣẹ́jú márùn-ún kan lẹ́ẹ̀mejì níwájú òǹwòran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí fóònù olùkọ́ gbà á sílẹ̀ nígbà méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ojú ewé méjì lórí gbólóhùn tí wọ́n yí padà láàrin ìgbà kìn-ín-ní àti ìgbà kejì, àti ohun tí ó mú wọn yí i padà.